Iyọ̀ ti le jù nínú táǹkì iyùn mi, ẹ gbà mí

Ọmọ_Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), Ọjọ́ Ẹtì, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná.

Táǹkì lítà 200 ni mo ní, oṣù kẹsàn-án rẹ̀ rèé. Clownfish méjì ló wà nínú rẹ̀, edé kan, ìgbín òkun mẹ́rin, àti iyùn ààyè: zoanthid àti leather. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn iyùn náà ti ká jọ tí wọn ò ṣí mọ́. Ìgbín méjì ti kú. Àwọn ẹja ń jẹun dáadáa ní tiwọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé kò sí nǹkan tó ṣe omi.

Hydrometer alápá ni mo fi ń wọn iyọ̀, ike kékeré tí apá rẹ̀ máa ń gbéra nínú omi. 1.025 ló ń sọ fún mi lójoojúmọ́, ìyẹn bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi lásán. Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi gbé refractometer rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iyọ̀, wá, a kán omi sí i, 1.030! A wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ooru ọ̀sán ti ń gbé omi dé 30°C, mo wá gbé fáànù lé táǹkì lórí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 26. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọyẹ́ tó ń fẹ́ yìí, omi ń dín tó lítà 3 lójúmọ́. Omi iyọ̀ tí mo ti pò sílẹ̀ ni mo fi ń dí i, kí iyọ̀ táǹkì má bàa dín kù. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀rọ méjèèjì? Tí 1.030 bá jẹ́ òótọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí àwọn tó kù ò ní kú?

---

Bàbá_Ìbejì (Ìjẹ̀bú-Igbó), Ọjọ́ Ẹtì, 8:31 alẹ́

Ọmọ mi, má dààmú. Nínú adágún àrọ̀ mi, tí omi bá ti bàjẹ́, ìlàjì rẹ̀ ni mo máa ń dà nù, màá fi omi borehole dí i. Ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí. Tó bá di òwúrọ̀ tí iyọ̀ wá kéré, bu iyọ̀ ìdáná díẹ̀ sí i.

---

Ìyá_Edé (Òde-Rẹ́mọ), Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àrọ̀ lè fara da ìyẹn, iyùn ò lè fara dà á. Tó bá da ìlàjì nù, iyọ̀ á já láti bíi gíráàmù 40 nínú kílò omi kan (ìyẹn 1.030 yẹn) sí 20 láàárín òru kan. Edé yẹn ò ní rí àárọ̀. Ọmọ_Òde, má fọwọ́ kan omi náà lálẹ́ yìí. Kó àwọn ìgbín tó kú jáde nìkan.

---

Ẹlẹ́ja_Ṣágámù (Ṣágámù), Ọjọ́ Ẹtì, 9:22 alẹ́

Ọmọ_Òde, fara balẹ̀. Ọ̀ràn yìí ní àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó má tún ṣẹlẹ̀.

Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Wo ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná: iyọ̀ inú rẹ̀ tó ṣe rẹ́gí tẹ́lẹ̀ á di kíkorò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bu òmíràn sí i. Lítà 3 tó ń kúrò ní táǹkì rẹ lójúmọ́, omi lásán ni, kò mú iyọ̀ kankan lọ. Omi lásán náà ló yẹ kí o fi dí i. Èyí tí o ń dà sí i ní bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Lítà 3, gíráàmù 105. Ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti lé ní kílò kan. Bu kílò iyọ̀ kan sínú abọ́ kí o wò ó, wàá rí ohun tí àwọn iyùn rẹ ń bá yí.

Omi òkun gidi jẹ́ gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, ìyẹn bíi 1.026 tí omi bá wà ní 25°C. 1.030 tí ẹ rí súnmọ́ 40. Ti ẹja tó ń jẹun kò gbọ́dọ̀ tàn ọ́ jẹ. Ẹja ní agbára láti lé iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde kúrò lára rẹ̀. Ìgbín àti iyùn ò ní in, bí omi bá ṣe rí ni inú ara wọn ń rí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún wa pé omi ti yí padà.

Láàárọ̀ ọ̀la, yọ lítà 5 kúrò nínú táǹkì, kí o da lítà 5 omi lásán tó mọ́ sí i. Rọra dà á síbi tí omi ti ń ṣàn dáadáa, kó má lọ bọ́ lé iyùn kan lórí. Ìyẹn á sọ 40 di 39. Ọjọ́ kejì, lítà 5 mìíràn. Ní ọjọ́ márùn-ún wàá ti wà ní 35. Má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ju gíráàmù kan lọ lójúmọ́. Lítà 3 tó ń gbẹ, omi lásán ni kí o máa fi dí ìyẹn náà, yàtọ̀ sí lítà 5 yìí.

---

Ìyá_Edé, Ọjọ́ Ẹtì, 9:35 alẹ́

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àtúnṣe kan péré ni mo ní. Táǹkì lítà 200 ò gba omi lítà 200. Òkúta àti yanrìn ti gba àyè, omi náà ò sì dé etí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 165 ni omi gidi tó wà níbẹ̀. Nítorí náà lítà 5 á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ju gíráàmù kan lọ díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, wọ̀n ọ́n dáadáa kí o tó dà á lẹ́ẹ̀karùn-ún, kí o má lọ bọ́ sísàlẹ̀ 35.

---

IyùnPupa (Ìkẹ́nnẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, 10:03 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ́místírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: èwo ni kó gbà gbọ́?

Hydrometer tó ń sọ iye kan náà lójoojúmọ́ nígbà tí omi ń gbẹ tí iyọ̀ sì ń wọlé, apá rẹ̀ ti lẹ̀ nìyẹn. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára àti ní ìdí ibi tó ti ń yí. Ó ti wúwo, kò lè gbéra tó bó ṣe yẹ, nítorí náà iye tó kéré ju òótọ́ lọ ló ń sọ. Tí ìhó omi bá sì lẹ̀ mọ́ ọn, òdìkejì ló máa ṣe, á gbé e sókè jù. Rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, fi omi lásán ṣàn án, á tún wúlò. Lẹ́yìn lílò, máa fi omi lásán ṣàn án nígbà gbogbo.

Refractometer sàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n òun náà lè ṣìnà. Má fi ọkàn tán ti ọ̀rẹ́ rẹ títí o fi máa fi omi tí o mọ iye iyọ̀ rẹ̀ dán an wò. Wọ́n ń ta irú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o lè ṣe é nílé. Wọn gíráàmù 36.5 iyọ̀ ìdáná tó gbẹ, kí o fi gíráàmù 963.5 omi mímọ́ pò ó. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ kílò kan. Po ó títí yóò fi yọ́ pátápátá. Kán an sí ojú refractometer, bò ó, dúró fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú kí òun àti ẹ̀rọ lè ní ooru kan náà, kí o wá wò ó. 35 ló yẹ kí o rí. Tí kò bá jẹ́ 35, yí ìdè kékeré orí rẹ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe gíráàmù 35 géérégé. Ohun tí refractometer ń wò ni bí omi ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Iyọ̀ ìdáná jẹ́ oríṣi iyọ̀ kan ṣoṣo, ti òkun jẹ́ àdàpọ̀ oríṣiríṣi, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ bákan náà. 36.5 ti iyọ̀ ìdáná ló bá 35 ti òkun mu.

---

Ẹlẹ́ja_Ṣágámù, Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi wàhálà kún ti ọmọ náà. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti fi omi mímọ́ lásán ń ṣètò tèmi sí òdo, tí mo sì ń lò ó.

---

IyùnPupa, Ọjọ́ Ẹtì, 10:24 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, omi lásán ń sọ fún yín pé òdo pé. 35 ni ẹ̀ ń wá, òdo kọ́. Ẹ ti rí òṣùwọ̀n ọjà tó dúró pé sórí òdo nígbà tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sọ òótọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bu gàrí lé e. Ẹ dán tiyín wò lọ́la, ẹ kàn sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

---

Bàbá_Ìbejì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìyá_Edé, mi ò bínú rárá, ẹ ṣeun tí ẹ tètè dá mi dúró. Ṣùgbọ́n ẹ là mí lóye: kí ló wà nínú iyọ̀ òkun tí kò sí nínú iyọ̀ ìdáná? Ṣé kì í ṣe inú òkun náà ni wọ́n ti ń mú un?

---

IyùnPupa, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:12 àárọ̀

Ìbéèrè gidi ni, Bàbá. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe iyọ̀ ìdáná, sodium chloride nìkan ni wọ́n ń wá, wọn a sì yọ ìyókù dànù. Nínú omi òkun, magnesium, calcium, potassium àti sulphate tún wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, pẹ̀lú ohun tó ń gbé KH (agbára omi láti dènà ásíìdì) ró. Calcium yẹn ni ọ̀pọ̀ iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, egungun ohun abẹ̀mí ni, inú omi òkun ló ti rí ohun tó fi kọ́ ọ. Ẹ gbé e sínú omi iyọ̀ ìdáná, kò ní rí nǹkan kan fi ṣiṣẹ́.

Èyí kan Ọmọ_Òde náà. Calcium mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan, magnesium 1,250 sí 1,350, KH 8 sí 9, ibi tí mo máa ń fi tèmi sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n má tíì wọ̀n wọ́n, má sì tíì da oògùn kankan sí i. Iyọ̀ rẹ ti ga, gbogbo wọn ló bá a ga. Tí iyọ̀ bá sọ̀ láti 40 sí 35, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dín. KH tó jẹ́ 9 lónìí á di bíi 8. Iyọ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

---

Ọmọ_Òde, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo po omi tíṣà. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe kéékì ládùúgbò wa ni mo yá. Refractometer náà sọ 36, mo yí i sí 35. Mo tún wọn táǹkì: 39. Hydrometer ṣì ń sọ 1.025 rẹ̀, ó ti wà nínú fínígà báyìí.

Pure water ni mo fi rọ́pò lítà 5 tí mo yọ láàárọ̀ yìí. Ṣé ó dára? Borehole ilé wa máa ń sọ isàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì di pupa. Mo tún wọn ammonia, májèlé tó ń ti ara ohun tó ń jẹrà jáde, ó sọ 0.5.

---

Ẹ̀rọ_Kékeré (Àgọ́-Ìwòyè), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:05 àárọ̀

Fi borehole yẹn sílẹ̀ pátápátá. Irin ló ń pọ́n yẹn, kì í sì í ṣe irin nìkan ló lè wà níbẹ̀. Sísè ò ní mú un kúrò, omi nìkan ni sísè máa mú lọ.

Ti pure water, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló rí bákan náà. Ra TDS meter, kò wọ́n, ó ń sọ iye nǹkan tó yọ́ sínú omi. Mo ti fi wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oríṣi níbí: òmíràn kò tó 10, òmíràn lé ní 100, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ wà nínú ọ̀rá ni. Èyí tó kéré jù lọ ni kí o máa lò títí wàá fi lówó ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, RO tó ní DI, èyí tó ń mú TDS dé òdo. Rántí pé TDS ò lè sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Bàbà díẹ̀ bíńtín tó láti pa edé àti ìgbín, TDS ò sì ní hàn yàtọ̀.

Omi òjò ń kọ́? Tí àkọ́rọ̀ bá dé lẹ́yìn ọyẹ́ yìí, eruku oṣù mélòó kan ló máa fọ̀ kúrò lórí páànù. Mi ò ní gbé e sínú táǹkì iyùn.

---

Ẹlẹ́ja_Ṣágámù, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 àárọ̀

Ammonia 0.5 ò dára. Òkú ìgbín ló fà á, àbí èyí tó kù ti kú pamọ́ sábẹ́ òkúta. Wá a. Ìgbín tó bá ń rùn tí o bá gbé e sún mọ́ imú, ó ti kú. Dín oúnjẹ ẹja kù sí díẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Yí ètò ọ̀la padà. Dípò lítà 5 omi lásán, po omi iyọ̀ tuntun lítà 20 lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jẹ́ 28, kì í ṣe 35. Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí i mọ́jú, kí ooru rẹ̀ bá ti táǹkì mu. Lọ́la, yọ lítà 20, da èyí sí i. Iyọ̀ á sọ̀ láti 38 sí bíi 37, ammonia náà á dín. Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan.

Tíṣà, mo ṣe omi 36.5 yín láàárọ̀ yìí. Tèmi sọ 33. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí mo bá rò pé mo wà ní 35, mo ti wà ní bíi 37 láti ìgbà tí mi ò mọ̀. Mo ti yí i. Ẹ ṣeun gan-an.

---

Ará_Waterside (Ogun Waterside), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:18 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará Òde àti Rẹ́mọ, kí ló dé tí ẹ fi ń ra iyọ̀ tó wọ́n báyìí? Ìpínlẹ̀ wa náà kan òkun lọ́dọ̀ wa níbí. Omi òkun gidi ni èmi ń lò.

---

Ẹ̀rọ_Kékeré, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:31 ọ̀sán

Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí Ẹ̀pẹ́, omi tí mo bù wálé ò ní iyọ̀ tó nǹkan.

---

Ará_Waterside, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:50 ọ̀sán

Ọ̀sà lo lọ bù, àbúrò, òkun kọ́. Omi odò ló ń wọ inú ọ̀sà wọ̀nyẹn, Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ ré kọjá iyanrìn dé etí òkun fúnra rẹ̀, ibi tó jìnnà sí ẹnu odò. Mi ò sì ń bù ú létí, ọkọ̀ apẹja ni mo máa ń bá wọ inú díẹ̀. Lásìkò òjò, omi odò máa ń pọ̀ dé inú òkun, iyọ̀ rẹ̀ á dín, mi ò kì í bù ú nígbà náà. Ìsinsìnyí tí ọyẹ́ ń fẹ́ ló dára jù. Tí mo bá gbé e délé, mo máa ń fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, màá gbé e sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, màá sì wọn iyọ̀ rẹ̀ kí n tó lò ó. Tí epo bá wà lójú omi lọ́jọ́ náà, mo máa ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

---

Ìyá_Edé, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:20 ọ̀sán

Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè ṣe é. Ẹni tó máa wa mọ́tò láti Òde-Rẹ́mọ, owó epo yẹn á ra iyọ̀. Ọmọ_Òde má gbìyànjú rẹ̀ nínú ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ yìí.

Fún ìdíwọ̀n ojoojúmọ́: lẹ téèpù mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi yẹ kó dé. Láràárọ̀, omi lásán títí dé ojú téèpù. Ìyẹn nìkan ni mo ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

---

Ẹ̀rọ_Kékeré, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Tàbí kí o lo float valve, irú bọ́ọ̀lù tó ń ti omi nínú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbé ike omi lásán sókè táǹkì, so ó pọ̀. Omi gbẹ, bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, omi wọlé. Kò nílò iná rárá. Oníke ni kí o rà, èyí tó ní bàbà tàbí idẹ nínú ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

---

Ẹlẹ́ja_Ṣágámù, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ó dára, ṣùgbọ́n ike náà ò gbọ́dọ̀ tóbi. Bọ́ọ̀lù yẹn lè há lọ́jọ́ kan. Tí ike lítà 50 bá tú sínú táǹkì lẹ́ẹ̀kan, òdìkejì ohun tó ń ṣe é yìí ló máa bá pàdé. Lítà 10, kó máa rọ̀ ọ́ kún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

---

Ọmọ_Òde, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Mo rí ìgbín kẹta lábẹ́ òkúta, òkú ni, ó ń rùn gan-an. Mo gbé e jáde, mo ṣe lítà 20 ti Ọjọ́ Àìkú bí ẹ ṣe wí. Ammonia wá sí 0.25 lánàá, òdo lónìí. Iyọ̀ jẹ́ 37 lánàá. Mi ò fọwọ́ kàn án nítorí wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń ru omi kú, mo gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alábátìrì síbẹ̀ títí di òru. Lítà 5 omi lásán wọlé lónìí. 36 ni mo wà báyìí, ó kù díẹ̀ kó dé 35.

---

Ìyá_Edé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

O ṣe dáadáa tí o fi iyọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí iná lọ. Ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Lítà 3 péré ni kí o yọ kí o sì fi omi lásán rọ́pò lọ́la, kì í ṣe 5.

---

Ọmọ_Òde, Ọjọ́ Àìkú, 7:35 àárọ̀

35. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀, kò kúrò. Téèpù wà lára gíláàsì, ike lítà 10 wà lókè. Hydrometer tó jáde nínú fínígà ti ń sọ 1.026 báyìí, ṣùgbọ́n refractometer ni màá rà.

Zoanthid ti ṣí láti Ọjọ́bọ̀, gbogbo rẹ̀. Edé bọ́ èèpo lóru àná, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti kú ni, àfi ìgbà tí mo rí i lẹ́yìn òkúta. Leather nìkan ni kò tíì ṣí, nǹkan kan bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán bò ó. Ṣé ó ti ń jẹrà ni?

---

Ìyá_Edé, Ọjọ́ Àìkú, 7:52 àárọ̀

Rárá, ó ń pa awọ dà ni. Darí omi sí i díẹ̀ sí i kí awọ náà lè ṣí kúrò, má fi ọwọ́ bó o. Tí kò bá rùn tí kò sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá tó bá ṣí.